Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé-ìwé, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ní òun fẹ́ máa bá yín tọ́jú kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni tó bá wá bá yín pé òun fẹ́ máa tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé yín ní sáà-sáà. Èmi ni mo ń mójú tó àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti èsì ìdánwò níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi náà ni mo sọ fún ọ̀gá wa pé kí a gba ọkùnrin kan. Ó lé ní ọdún kan tó fi ń gbowó lọ́wọ́ wa, tó sì ń ba ohun tó ní òun ń tún ṣe jẹ́. N ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí ọgbọ́n tó fi mú wa kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ará iwájú tó bá jìn sí kòtò, ó yẹ kó ké sí ará ẹ̀yìn.

Ó wọlé pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn, ó ní òun fẹ́ yẹ kọ̀ǹpútà wa wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó jókòó sídìí ti akápò, ó ṣí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Event Viewer, ó sì ní ká wá wò ó. Àmì pupa àti àmì aláwọ̀ ìyeyè kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, Error, Warning, Error. Àyà ọ̀gá wa já. Tèmi náà já.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows tí kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí lánàá. Bí ètò kan bá pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já fún ìṣẹ́jú kan, Windows á kọ ọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń pe ènìyàn lórí fóònù pé àwọn ń pè láti Microsoft máa ń ní kí ènìyàn ṣí. Microsoft kì í dédé pe ẹnikẹ́ni tí kò kọ́kọ́ wá wọn, wọn kì í sì í kọ nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ tó bá yọ lójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà níbẹ̀, ẹ má pè é rárá. Ẹ ti ojú ewé náà pa. Bó bá kọ̀ tí kò tì, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ láti wọ Task Manager, kí ẹ pa á láti ibẹ̀.

A fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ó kó kọ̀ǹpútà mẹ́jọ lọ, ó ní òun fẹ́ ṣe wọ́n dáadáa. Nígbà tó kó wọn dé, wọ́n ń yára, inú wa dùn. Ó ní Windows tuntun lòun rà fún wa, ó sì gba owó rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kan yọ sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún: Activate Windows. A pè é, ó ní ó ti tó àkókò láti tún un rà. A sanwó. Nígbà tó di oṣù mẹ́fà mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn tún yọ, a tún sanwó.

Ìgbà yẹn ni mo fura. Mo bi àbúrò mi kan tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun, ó ní kí n ṣí Command Prompt, ibi tí ènìyàn ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí n tẹ slmgr /xpr. Àpótí kékeré kan yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé volume activation yóò parí, ó sì kọ ọjọ́ tí yóò parí. Mo kà á lórí kàlẹ́ńdà: ọjọ́ 180 sí ọjọ́ tí ọkùnrin náà wá gbẹ̀yìn. Windows tí ènìyàn rà fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í ní ọjọ́ tó ń parí. Permanently activated ló máa ń kọ. Èyí tó ń parí lẹ́yìn ọjọ́ 180 ni wọ́n ń pè ní KMS. Iléeṣẹ́ ńláńlá àti yunifásítì tó gba ìwé àṣẹ fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń lò ó, kọ̀ǹpútà wọn á sì máa padà lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ server tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín àṣẹ náà fún àwọn yòókù. Àwọn oníjìbìtì ti ṣe ayédèrú rẹ̀, tó ń tan Windows pé server wà níbi tí kò sí. Ayédèrú yẹn la ń sanwó rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Ká ní owó nìkan ló bá a lọ ni, ǹ bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láti wọlé bí Defender bá ń ṣọ́nà. Defender ni ẹ̀ṣọ́ tí Microsoft fi sínú Windows 10 àti 11 lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń pariwo bó bá ti rí i. Ẹni tó fẹ́ gbé e wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí ẹ̀ṣọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní gbogbo ìgbà tí mo bá wo Windows Security, àmì aláwọ̀ ewé ni mo ń rí, bí ẹni pé kò séwu. Àbúrò mi ní kí n wọ Virus & threat protection, kí n tẹ Manage settings, kí n wá ibi tí wọ́n kọ Exclusions sí lápá ìsàlẹ̀. Mo ṣí i. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: C:\.

Exclusions ni àkójọ ohun tí a ní kí Defender má yẹ̀ wò. Gbogbo inú kọ̀ǹpútà wa ni ọkùnrin yìí kọ síbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n ti dì í lójú. Ẹ dákun, kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ lọ wo Exclusions ti kọ̀ǹpútà yín. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan síbẹ̀, ó yẹ kó ṣófo.

Ó pa update pẹ̀lú, ìyẹn àtúnṣe tí Microsoft ń fi ránṣẹ́ sí Windows, ó ní update ló ń fa kí kọ̀ǹpútà máa lọ́ra. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti iṣẹ́ ènìyàn pa, tó sì ń béèrè owó kó tó ṣí i. Oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Microsoft ti fi oògùn ihò tó gbà wọlé ránṣẹ́. Oṣù Karùn-ún ni WannaCry jà káàkiri ayé. Àwọn tí kò tíì gba update oṣù méjì sẹ́yìn ló kọlù.

Ó tún jí ráàmù, ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Ìyẹn kò gba àlàyé púpọ̀. Rìsíìtì ọjọ́ tí a ra kọ̀ǹpútà kọ 8 GB. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, mo wọ Performance, mo tẹ Memory: 4.0 GB. Inú kọ̀ǹpútà mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni ọkùnrin náà ti yọ ìdajì ráàmù. Wọ́n yára nígbà tó kó wọn dé nítorí pé Windows tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí kọ̀ǹpútà kì í tíì ní ẹrù lórí.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti AnyDesk, ètò tí ènìyàn fi ń darí kọ̀ǹpútà láti ibòmíràn. Ó fi í sórí kọ̀ǹpútà tí èsì ìdánwò wà, ó sì fún un ní password tirẹ̀, tí yóò fi lè wọlé nígbàkígbà láìsí ẹni tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni fún un. Nígbà tí mo tẹ net user nínú Command Prompt, orúkọ kan tún wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ nílé-ìwé wa, orúkọ náà sì wà lára àwọn Administrators, àwọn tó láṣẹ lórí gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. AnyDesk fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan burúkú, àwọn oníṣẹ́ tòótọ́ ń lò ó. Àmọ́ orúkọ àwọn ọmọ, ọjọ́ ìbí wọn, ibi tí wọ́n ń gbé, nọ́ńbà àwọn òbí wọn àti àìsàn tí òbí fọkàn tán wa sọ fún wa ló wà níbẹ̀. Àwọn òbí ò mọ̀ pé àlejò kan ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí PowerSchool, iléeṣẹ́ tó ń bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tọ́jú àkọsílẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ojú ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ àtúnṣe ń gbà wọlé ni olè gbà, password tí wọ́n jí ló fi ṣí i, ó sì kó àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lọ. Iléeṣẹ́ náà san owó ìràpadà. Síbẹ̀, nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n tún ń fi àkọsílẹ̀ yẹn kan náà halẹ̀ mọ́ àwọn ilé-ìwé. Ohun tó bá ti jáde, kò ṣeé kó padà.

Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà mú ènìyàn báyìí ni ti Windows 10. Wọ́n á ní Microsoft ti pa á, pé gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń lò ó máa kú, kí ẹ wá ra tuntun lọ́wọ́ àwọn. Lóòótọ́ ni Microsoft dáwọ́ update ààbò ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ewu sì wà nínú kí ènìyàn jókòó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà kò kú. Ẹ fi PC Health Check ti Microsoft wò ó bóyá ó lè gba Windows 11, TPM 2.0, ohun èlò ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, wà lára ohun tí Windows 11 ń béèrè. Bí kò bá lè gbà á, Microsoft ń ta àfikún update fún ilé-ìwé fún ọdún mẹ́ta: dọ́là 1 fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ọdún àkọ́kọ́, dọ́là 2 ní èkejì, dọ́là 4 ní ẹ̀kẹta. Ẹ fi iye yẹn wé ohun tí ẹni tó wà níwájú yín ń béèrè.

Ẹ̀yin náà lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú yìí fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí update máa wọlé. Ẹ má fi orúkọ Administrator ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó nu eruku ẹnu fáànù. Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín: mẹ́ta ni kó jẹ́, lórí oríṣi ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan má sì gbé inú ilé-ìwé. Bí ẹ bá kó iṣẹ́ sórí disk tán, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Disk tó bá ń so mọ́ ọn, ohun tó bá ba kọ̀ǹpútà jẹ́ á ba òun náà jẹ́.

Bó bá di dandan kí oníṣẹ́ wá, ẹ kó ẹ̀dà jáde kó tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé Memory, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ara disk sílẹ̀. Kó ṣe é níwájú yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ tẹ password, ẹ má kọ ọ́ lé e lọ́wọ́. Oníṣẹ́ tòótọ́ kì í bínú sí èyí. Èyí tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Fún ẹni tí wọ́n ti ṣe é fún: ẹ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ mìíràn tí ọkùnrin náà ò fọwọ́ kàn rí, kí ẹ pààrọ̀ gbogbo password, ti ímeèlì ṣáájú, kí ẹ sì fi ìgbésẹ̀ kejì sí i, èyí tó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ mú oníṣẹ́ náà wá bíi tèmi. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gba Windows láti ojú òpó Microsoft fúnra wọn, kó sì tún gbogbo rẹ̀ gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Yíyọ AnyDesk nìkan kò tó.

Ohun tí a ṣe sí tiwa nìyẹn. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí a so wọ́n padà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, mo tún tẹ slmgr /xpr sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó kọ permanently activated. Windows tó bá wọn wá láti ọwọ́ ẹni tó ṣe wọ́n ni. Láti ọjọ́ tí a ti rà wọ́n ló ti jẹ́ tiwa.