Ẹ ṣọ́ra fún wáyà bàbà ayédèrú kí ẹ tó fa iná lọ sí gáréèjì

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń múra àtifa iná láti inú ilé lọ sí gáréèjì tó jìnnà sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí ná kí ẹ tó sanwó wáyà. Àwọn kan ń ta àlúmíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lára, wọ́n á sì máa fọwọ́ sọ̀yà pé bàbà pọ́ńbélé ni. Wọ́n tà á fún èmi náà. Wọ́n kọ 6mm (ìyẹn ìwọ̀n fífẹ̀ ojú bàbà inú rẹ̀ níbi tí wọ́n bá gé e, ní mm²) gàdàgbà sára rẹ̀, páálí rẹ̀ dán gbinrin, èyí tí wọ́n gé sórí tábìlì fún mi láti wò sì jẹ́ bàbà tòótọ́. Èyí tó wà nínú páálí ni kì í ṣe é.

Oníṣẹ́ iná tó wá bá mi fà á ló rí i. Ó bó ẹnu wáyà náà, ó fi abẹ ha ọ̀kan nínú àwọn okùn inú rẹ̀. Àwọ̀ pupa ṣí kúrò bí ọ̀dà, funfun yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ okùn náà síwá sẹ́yìn díẹ̀, ó kán. Nígbà tí mo dá a padà, ọlọ́jà ní irú tuntun ni, pé òun ni gbogbo ayé ń lò báyìí. Kò dá owó mi padà. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyí.

Bí wáyà kò bá ju mítà mélòó kan lọ nínú ilé, irọ́ yìí lè fara pamọ́ fúngbà díẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ló ń tú u fó. Ẹ jẹ́ ká ní gáréèjì wà ní mítà 40 sílé, tí ẹ fẹ́ lo ẹ̀rọ tó ń fa áńpù 20 níbẹ̀. Bàbà 6mm tòótọ́ á jẹ nǹkan bí fóltì 6 lójú ọ̀nà nínú 230, kò burú. Bàbà 2.5mm á jẹ fóltì 14 ó lé díẹ̀, ìyẹn ti pọ̀ jù. Wàyí o, àlúmíníọ́mù abẹ́ bàbà máa ń dènà iná tó nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ bàbà, nítorí náà bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe é ní 6mm pé, á jẹ fóltì 9. Àmọ́ ẹni tó ń purọ́ lórí bàbà kì í sọ òtítọ́ lórí sísanra. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ 4mm, fóltì 14 náà ló ń lọ yẹn. Ẹ ti sanwó 6mm, iṣẹ́ 2.5mm ló ń ṣe fún yín. Gílóòbù á máa ṣẹ́jú, mọ́tò ẹ̀rọ á máa kùn láìlè gbéra, á sì jóná níkẹyìn.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti búrékà, ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí áńpù bá pọ̀ jù. Oníṣẹ́ iná á wo ohun tí wọ́n kọ sára wáyà, á fi búrékà tó bá 6mm mu sí i. Búrékà kò mọ̀ pé ayédèrú ni. Wáyà á máa gbóná nínú páìpù, búrékà á jókòó jẹ́ẹ́, torí áńpù tó ń kọjá kò tíì tó tirẹ̀. Bí iná bá sì lọ kan ara ẹ̀rọ onírin, ìdènà inú wáyà náà lè mú kí búrékà pẹ́ kó tó já, ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà ló wà nínú ewu. Ẹ fi ti ilẹ̀ tútù kún un: ibi tí bàbà òkè bá ti ha, àlúmíníọ́mù abẹ́ rẹ̀ á máa jẹrà di ìyẹ̀fun funfun.

Torí náà, ẹ má ṣe wo ìkọ̀wé. Ẹ ní kí wọ́n gé e láti inú páálí tí ẹ fẹ́ gbé lọ gan-an, kí ẹ ha okùn kan. Ẹ mú okùn tín-ínrín kan kúrò lára èyí tí wọ́n gé, kí ẹ fi iná ṣáná kàn án: àlúmíníọ́mù ń yọ́ ní 660°C, bàbà di 1085°C, nítorí náà ayédèrú á rọ̀ wọ̀ǹwọ̀, bàbà á kàn pọ́n ni. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú. Bàbà inú mítà 100 wáyà 6mm oníkókó kan (tí wáyà kan ṣoṣo wà nínú rọ́bà rẹ̀) ju kílò 5 lọ láìka rọ́bà òde rẹ̀; ti ayédèrú kì í tó ìdajì ìyẹn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìdènà kékeré, mítà 100 kò gbọdọ̀ kọjá óòmù 0.308 ní 20°C. Multimeter lásán, ẹ̀rọ ìwọ̀n iná tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ iná, kò lè wọn èyí dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í tàn yín.

Ẹ wọn gígùn rẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ló ń ta yáàdì 100 ní orúkọ mítà 100, mítà 91 ó lé díẹ̀ nìyẹn, ó sì lè má tó iye tí ẹ nílò. Wáyà inú ilé kò sì ṣeé rì mọ́lẹ̀, bó ti wù kí ọlọ́jà búra tó; èyí tí wọ́n fi irin yí lára fún abẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ rà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé bàbà pátápátá ni, iye mm rẹ̀ àti iye mítà rẹ̀. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, tàbí tó ní àwọn kì í gé páálí, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Oníṣẹ́ iná tó bá ní òun á bá yín rà á, ẹ bá a lọ.

Ẹni tó ti rì í tẹ́lẹ̀, tí gílóòbù gáréèjì ń ṣẹ́jú tàbí tí sókẹ́ẹ̀tì ń gbóná, ẹ pa búrékà rẹ̀ láti inú ilé lónìí, kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ṣí ẹnu wáyà náà méjèèjì wò kí ẹ tó tún tan án.