Yazd fún tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: yàrá, owó àti oúnjẹ

Tí ẹ bá fẹ́ gba yàrá ní Yazd, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò bẹ́ẹ̀dì tàn yín. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé apá wo nínú àgbàlá ni yàrá náà wà, àti pé ṣé wọ́n máa ń tẹ́ tábìlì oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìlú aṣálẹ̀ ni Yazd, láàárín gbùngbùn Ìránì, ooru ibẹ̀ sì máa ń kọjá ìwọ̀n 40 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí ooru yìí ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti di ilé ìtura báyìí. Gbogbo yàrá kọjú sí àgbàlá kan tó ní adágún omi kékeré láàárín, kì í sábà sí fèrèsé lára ògiri tó kọ ẹ̀yìn sí àdúgbò. Ìmọ́lẹ̀, atẹ́gùn àti ariwo, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Níbi tí àgbàlá bá ti tún jẹ́ ilé oúnjẹ, ẹ ò ní rí oorun sùn títí ẹni tó ń mu tíì kẹ́yìn yóò fi dìde.

Lápá gúúsù àgbàlá ni àwọn onílé ayé àtijọ́ máa ń gbé nígbà ooru, torí oòrùn kì í kọjú sí i. Tí òtútù bá dé, wọ́n á kó lọ sápá àríwá, níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ọgbọ́n yẹn ṣì wúlò: láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní yàrá gúúsù, nígbà òtútù, ẹ gba ti àríwá. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tutù dáadáa, ṣùgbọ́n fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba ara nǹkan tí omi ti rin ni wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ilé, kì í ṣe irú amúlétutù tiwa. Torí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ táútáú, ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àṣìṣe àlejò ni pé wọ́n á ti ilẹ̀kùn àti ihò gbogbo pa, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí amúlétutù nílé. Bí afẹ́fẹ́ ò bá rí ọ̀nà jáde, ṣe ni yàrá á kún fún ọ̀rinrin, ara á sì máa lẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀, ó ti parí.

Ilé gogoro tí ẹ ń rí lórí òrùlé gbogbo ni wọ́n ń pè ní badgir. Wọ́n fi ògiri pín inú rẹ̀ sí ihò-ihò. Ihò tó kọjú sí atẹ́gùn á gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá, èyí tó kẹ̀yìn sí i á fa ooru jáde. Igi tó yọ síta lára rẹ̀ ni àwọn tó ń tún un ṣe máa ń gùn. Èyí tó ga jù wà ní ọgbà Dowlatabad, ó lé ní mítà 33. Ẹ dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an, lẹ́bàá adágún inú ilé, ẹ ó mọ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilé ìtura bá ń fi badgir rẹ̀ yangàn, ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣì ṣí. Wọ́n ti dí òmíràn pa nítorí eruku àti ẹyẹ.

Ọdún 2017 ni UNESCO fi àárín ìlú náà sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé. Àwọn ojú ọ̀nà ibẹ̀ há débi pé takisí kì í wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ ní kí ilé ìtura rán ẹnì kan wá pàdé yín lójú títì. Ẹ wo àwọn ilẹ̀kùn igi bí ẹ ti ń lọ. Irin ìkanlẹ̀kùn méjì ló wà lára wọn: ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá tó wúwo, ọkùnrin ló ń fi í kan ilẹ̀kùn, èkejì jẹ́ òrùka tó fúyẹ́, ti obìnrin nìyẹn. Ìró wọn kò dọ́gba, torí náà ará ilé á ti mọ ẹni tó yẹ kó lọ ṣí i.

Owó ni yóò kọ́kọ́ yọ yín lẹ́nu. Káàdì báńkì ilẹ̀ òkèèrè kò ṣiṣẹ́ rárá ní Ìránì, nítorí ìjìyà ọ̀rọ̀ ajé tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi jẹ ẹ́. Gbogbo owó tí ẹ ó ná, ẹ gbé e lọ́wọ́ ní dọ́là tàbí Yúrò, kó jẹ́ bébà tó mọ́ tí kò ya, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù aṣẹ́wó. Rial ló wà lójú bébà, toman ló wà lẹ́nu ọjà. 10 rial ni toman kan. Wọ́n tún máa ń gé ẹgbẹ̀rún kúrò nínú iye, ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá pè lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún toman. Ẹ kọ́ nọ́ńbà Páṣíà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí ẹ tó gbéra, torí òun ni wọ́n fi ń kọ iye sórí ọjà.

Tí awakọ̀ bá sọ pé kò tó nǹkan tí ẹ ó sanwó fún, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lọ o. Ó dà bí ìgbà tí Yorùbá bá ní “ẹ wá bá wa jẹun” fún ẹni tó ń kọjá: ọ̀yàyà ni, kì í ṣe ìpè. Ẹ tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, yóò dá iye.

Òfin wọn sọ pé kí obìnrin borí, kó wọ aṣọ tó tú tó sì gùn. Ṣòkòtò péńpé kò yẹ ọkùnrin. Kí tọkọtaya di ara wọn lọ́wọ́ mú kì í ṣe wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ fi ìfẹnukonu sílẹ̀ sí yàrá. Kí ẹ sì ka ìkìlọ̀ ìrìnàjò ìjọba yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí nǹkan lè yí padà lójijì níbẹ̀.

Nínú oúnjẹ, dizi la fi ṣíwájú. Ẹran àgùntàn, ẹ̀wà oríṣi méjì, pòtétò, tòmátò àti ọsàn wẹ́wẹ́ gbígbẹ ni wọ́n sè fún wákàtí mélòó kan nínú ìkòkò òkúta. Ẹ má kàn ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ ya búrẹ́dì wẹ́wẹ́ sínú abọ́, ẹ da omi ọbẹ̀ lé e, ẹ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọmọ odó kékeré tí wọ́n gbé wá gún ẹran àti ẹ̀wà tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò títí á fi kúnná, kí ẹ máa fi búrẹ́dì àti àlùbọ́sà tútù jẹ ẹ́. Ìkòkò náà gbóná gan-an, ẹ fi aṣọ dì í mú. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ta lẹ́nu. Ẹni tí ò lè jẹun láìsí ata, kó gbé gígún tiẹ̀ dání.

Ìrólẹ́ ni kí ẹ ra ìpanu, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì lọ́sàn-án, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni ọjọ́ ìsinmi wọn. Yí ká gbàgede Amir Chakhmaq ni ẹ ó ti rí wọn. Pashmak, ṣúgà fífà tó rí bí òwú, dùn gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Kó tó dé Èkó tán, tí páálí rẹ̀ bá ti ṣí, á ti di ìṣù kan. Qottab ni kí ẹ rà fún ará ilé: álímọ́ńdì lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n din ín, wọ́n sì yí i nínú ṣúgà lúbúlúbú.