Wọ́n rí àrùn mọ́tò mi, àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ ní kí n lọ pe ọkọ mi wá

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún àwọn mẹkáníìkì pé obìnrin ò lè ṣàlàyé nǹkan tó ń ṣe mọ́tò tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ wà? Wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù kan n'Iléṣà ni mò ń sọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Mo débẹ̀ láàárọ̀, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo ní mọ́tò mi máa ń gbọ̀n tí mo bá ti tẹná. Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú fóònù tó ń tẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá wa pe dádì, kí wọ́n wá ṣàlàyé." Dádì wo? Dádì tí ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bu omi sí rédíétọ̀! Èmi ni mo fowó mi rà á, èmi ni mò ń wà á láti Ifẹ̀ wá sí Iléṣà wá kó ọjà. Díẹ̀ ló kù kí n yíjú padà.

Corolla ni, gbogbo yín lẹ mọ Corolla, ẹ jẹ́ n fo ìyẹn. Tí mọ́tò bá dúró, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Tí mo bá rọra ń lọ lórí títì tó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Àmọ́ kí n ṣáà fẹ́ òfàtéèkì tírélà, tàbí kí n máa gun òkè kí n wá tẹná, láti orí eré bíi 40 sí 70 báyìí, gbogbo iwájú ẹ̀ á máa mì sọ́tùn-ún sósì, títí dé sítíárìn. Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, wẹ́rẹ́, á dákẹ́. Mẹkáníìkì kan n'Ifẹ̀ ti bá mi pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbọ̀n, ó ní kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná ni, mo ra kọ́ìlì, ó ṣì ń gbọ̀n, ó wá ní gíà ló fẹ́ kú, ká lọ ra tọ́kúnbọ̀. Gíà o! Ìyẹn ló gbé mi dé Iléṣà.

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, tí gíríìsì bo gbogbo ọwọ́ ẹ̀, ló bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn. "Mà, ṣé iná check engine máa ń tàn?" Mo ní rárá. "Ṣé ó máa ń gbọ̀n tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì?" Rárá. "Tẹ́ ẹ bá ju gíà sí neutral lórí eré ńkọ́?" Mo ní á dákẹ́ ni. Ó ní tó bá jẹ́ disc búréèkì ni, orí búréèkì ni màá ti mọ̀, tó bá jẹ́ táyà tí ò balance, bí mo tẹná bí mi ò tẹná á máa gbọ̀n. Ó ki síkáànù tó ń ka àṣìṣe mọ́tò bọ̀ ọ́, kò rí code (nọ́ńbà àṣìṣe) kankan, ó ní plọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tó bá bàjẹ́ máa ń sábà fi P0300 tàbí P0301 sílẹ̀.

Ló bá ní ká jáde. Èmi ni mo wà á o, kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi! A gba ọ̀nà Àkúrẹ́, a dé ibi òkè tó wà lápá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ó ní "ẹ tẹ̀ ẹ́, mà… ẹ yọsẹ̀… ẹ tún tẹ̀ ẹ́", ó fọwọ́ lé ilẹ̀ mọ́tò, ó ń mirí. Nígbà tá a padà, ó jáàkì ẹ̀, ó di ṣáàfù, irin tó ń gbé agbára láti inú gíà lọ sí táyà, mú lápá ibi tó ti wọnú gíà, ó ń tì í sókè sísàlẹ̀, ó ń ṣe kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Bọ́ọ̀tì, ìyẹn rọ́bà tó bo oríkèé ẹ̀, ti ya, gíríìsì inú ẹ̀ ti tán. Ó tú u, rọ́là mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ń rìn nínú ojú ọ̀nà mẹ́ta, ó ní kí n fìka kàn án. Mo kàn án, ojú ọ̀nà yẹn ti jẹ, ó ti di kòtò! Ó ní tí mo bá ti tẹná, agbára ẹ́ńjìnnì á ti rọ́là há sínú kòtò yẹn, òun ló ń mi mọ́tò, tí mo bá yọsẹ̀ agbára á dínkù, á sì tú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé mọ́tò fún mi báyìí rí láyé mi, inú mi dùn débi pé mo ra míníràlì fún gbogbo wọn, tó fi mọ́ ọ̀gá.

Wọ́n wá ṣáàfù tọ́kúnbọ̀ wá, ₦35,000, wọ́n so ó, a tún gun òkè, kò mì rárá. Ìgbà tó wá kan owó iṣẹ́ ni ọ̀gá rántí pé mo wà níbẹ̀. Ó dúró tì mí bí òṣómàáló. Kò tún bèèrè dádì mọ́!

Mo ti fẹ́ máa yìn wọ́n káàkiri ni mo jí lọ́jọ́ kejì tí mo rí epo gíà nílẹ̀ níbi tí mo páàkì sí. Síìlì ni, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jò. Tí wọ́n bá yọ ṣáàfù, síìlì ẹnu gíà ló yẹ kí wọ́n wò, mo sì gbọ́ létí ara mi tí ọmọ yẹn ní ká pààrọ̀ ẹ̀, tí ọ̀gá ní ó ṣì dáa. Mo pe ọ̀gá, ó ní, "Mọ́mì, ó lè ti ń jò tẹ́lẹ̀ o." Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Ọmọ yẹn ló bá mi ṣe é nígbà tí mo padà lọ, síbẹ̀ ọ̀gá gba owó síìlì, ó gba owó epo, kò ní ẹ má bínú.

Ẹ bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má dá ọ̀gá lóhùn. 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo tó bá ti ń kọ́nà, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbé e lọ síbẹ̀.