PMB fún ilé ìkàwé kọlẹ́ẹ̀jì: ó yẹ, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ yàn

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ lé lọ́wọ́ ní Àjàṣẹ́ tàbí Kétu, PMB, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwé ilé ìkàwé, ni ká júwe fún un. Ọ̀fẹ́ ni, Faransé ló ń sọ, ó sì lè jókòó sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ẹ óò ṣì rí kátálọ́ọ̀gù yín lò.

Gbígbé e sórí kọ̀ǹpútà ló le. Apache, PHP àti MySQL, ètò kọ̀ǹpútà mẹ́ta mìíràn (MySQL ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yín), ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí PHP yín bá tuntun ju èyí tí ẹ̀yà PMB náà gbà lọ, ojú funfun báláú ni yóò kọ sí yín. Ibi tó sì ti ń béèrè iso-8859-1 tàbí utf-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà), ẹ má ṣe kánjú kọjá: utf-8 ni kí ẹ mú. iso-8859-1 mọ é àti ç, kò mọ ẹ, ọ, ṣ. Kí ẹ tó padà yí i lẹ́yìn tí ìwé ti kún inú rẹ̀, ojú yín á rí nǹkan.

Fọ́ọ̀mù notice (àkọsílẹ̀ nípa ìwé kan) kún jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ tẹ «Éditer format», kí ẹ fi àwọn àpótí tí ẹ kò nílò pamọ́. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ẹ fi ISBN rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) wá a lọ́dọ̀ BnF, ilé ìkàwé ìjọba Faransé, nípasẹ̀ Z39.50, ọ̀nà tí kátálọ́ọ̀gù kan ń gbà wá ìwé nínú òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì; àkọlé, òǹkọ̀wé àti iye ojú ewé á wọlé fúnra wọn. Ti Kútọnu tàbí Ìbàdàn, ẹ múra àtifọwọ́ kọ ọ́. Ojú ewé àkọlé tó wà nínú ni kí ẹ wò, kì í ṣe èèpo ìwé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù rèé: ìwé ìṣirò kan náà, ẹ̀dà 30, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á ṣí notice 30. Notice kan ni, exemplaire (ẹ̀dà) 30 lábẹ́ rẹ̀, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé náà ń dà wọ́n láàmú: «Fagunwa, D. O.», «Fágúnwà, D. O.», «Fagunwa, Daniel», ẹni mẹ́ta ni PMB máa kà wọ́n sí. Ẹ tẹ lẹ́tà díẹ̀ kí ẹ wo ohun tó ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó dá tuntun; bó bá ti ṣẹlẹ̀, bọ́tìnnì «Remplacer» nínú Autorités (ibi tí orúkọ àwọn òǹkọ̀wé wà) á pa wọ́n pọ̀.

PMB kò ní kọ́ yín ní Dewey, ètò nọ́ńbà tí a fi ń pín ìwé sí ẹ̀ka, o. Lítíréṣọ̀ Yorùbá, 896.333; àlọ́, 398.2; ìtàn Bẹ̀nẹ̀, 966.83. Ẹ fi lẹ́tà mẹ́ta orúkọ òǹkọ̀wé tì í, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé: 896.333 FAG.

Iná tó ń lọ lójijì lè ba MySQL jẹ́. Sauvegarde (ṣíṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín pamọ́) wà nínú Administration. Ẹ ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì gbé fáìlì náà sórí kọ́kọ́rọ́ USB tí kò ní máa gbé inú yàrá kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.