Mo Gbé Àdìrẹ Lọ sí Ṣọ́ọ̀bù Fóònù: Bí Mo Ṣe Yan Ọ̀kan Nínú Mẹ́rin ní Abẹ́òkúta

Iṣẹ́ àdìrẹ ni mo ń ṣe ní Ìtòkú, inú fóònù sì ni púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi ti ń rí aṣọ kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́. Ní ọdún 2024, oníbàárà mi kan ní Ìlọrin dá ìdì aṣọ kan padà, ó ní àwọ̀ tí òun rí nínú àwòrán kọ́ ni òun gbà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ tí mo sì gbé fóònù mi tì í, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Aró tí a rẹ aṣọ náà sí dúdú kinkin bí ojú ọ̀run lóru. Èyí tó wà nínú fóònù ń dán bí ike. Ọmọbìnrin náà kò purọ́ mọ́ mi, èmi náà kò sì purọ́ mọ́ ọn. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà, nítorí ó ti lé lọ́dún mẹ́rin lọ́wọ́ mi, ojú kámẹ́rà rẹ̀ sì ti ha. Mo dá owó aṣọ padà, mo sì pinnu pé n óò ra fóònù mìíràn kí ọdún náà tó parí.

Owó tí mo yà sọ́tọ̀ jẹ́ ₦230,000. Mo fọ̀rọ̀ lọ àbúrò mi tó ń kàwé ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, mo sì rin àwọn ṣọ́ọ̀bù Sápọ́n àti Òkè-Ìlewó yí ká fún ọjọ́ mẹ́ta, títí orúkọ mẹ́rin fi ṣẹ́kù: Samsung Galaxy A15, Tecno Spark 20, Redmi 13C, àti iPhone XR tòkunbọ̀. Ìparí ọdún 2023 ni àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde, iPhone XR sì ti wà láti ọdún 2018. Owó wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí owó ọwọ́ mi kò ká bí mo bá ná an dáadáa.

Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo àwọn tó ń tà á fi ń pè mí ni nọ́ńbà kámẹ́rà. Mẹ́gàpíksẹ́lì 50, ìyẹn iye ojú kéékèèké (ní mílíọ̀nù) tó ń para pọ̀ di àwòrán, ni wọ́n kọ sí ara páálí àwọn mẹ́ta tuntun náà, nígbà tí ti iPhone XR jẹ́ 12 péré. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan la fi ń yàn, kò yẹ kí XR bá wọn dúró lórí pẹpẹ kan náà rárá. Àbúrò mi ló là mí lọ́yẹ̀ pé àwọn kámẹ́rà oní-50 wọ̀nyí máa ń pa ojú kéékèèké mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan nígbà tí a bá ya àwòrán lásán, kí wọ́n lè rí ìmọ́lẹ̀ kó jọ, nítorí náà àwòrán tó ń jáde kì í ju nǹkan bí 12 lọ. Látìgbà náà ni mo ti pa nọ́ńbà tì, tí mo sì pinnu pé aṣọ ni yóò ṣe adájọ́.

Mo ká aṣọ méjì sínú àpò, mo sì padà lọ. Ọ̀kan jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún kọ, tí ìlà ara rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Èkejì jẹ́ oníko, èyí tí a dì kí a tó rẹ ẹ́, tí funfun rẹ̀ ń rá díẹ̀díẹ̀ wọ inú aró. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́ ọwọ́ sí orí pẹpẹ rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ yà á níbí, iná wa mọ́lẹ̀ dáadáa." Mo ní, "Ọmọ mi, abẹ́ oòrùn ni mo ti ń ya aṣọ mi, abẹ́ oòrùn náà ni kí ó ti jẹ́ kí n rí i." Kò jiyàn. Ó kó àwọn fóònù tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn jáde tẹ̀lé mi, ó sì dì wọ́n mú gírígírí nítorí ojú títì ni a wà. Mo tẹ́ aṣọ náà sórí àga ike, mo sì fi fóònù kọ̀ọ̀kan ya ojú kan náà, láti ibi kan náà, láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú ètò kámẹ́rà.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù fún òwò mọ ohun tí mo rí. Nígbà tí mo gbé àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, aró kan ṣoṣo náà di oríṣi mẹ́rin. Ọ̀kan sọ ọ́ di àwọ̀ ojú sánmà tó mọ́lẹ̀ gan-an. Ọ̀kan mú kí funfun oníko fọ́n ká débi pé ibi tó ti ń rá wọ aró kò hàn mọ́. Méjì yòókù sún mọ́ aṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò bá a mu délẹ̀délẹ̀. A15 wà lára àwọn méjì tó sún mọ́ ọn. N kò ní sọ èyí tó jìnnà jù, nítorí àwòrán ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ oòrùn ọjọ́ kan kò tó láti fi ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Kí ẹni tó ń ta gèlè tàbí ìlẹ̀kẹ̀ gbé tirẹ̀ lọ, kó sì wò ó fúnra rẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú pé àwòrán tó dáa jù lójú ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni èyí tó jìnnà sí aṣọ jù, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀: kò mọ bí aró ṣe ń rí, àwòrán tó ń tàn ló ń wá.

Ojú fóònù fúnra rẹ̀ tún lè tan ènìyàn. AMOLED ni ojú A15, LCD sì ni ti àwọn mẹ́ta yòókù. Nínú AMOLED, ojú kéékèèké kọ̀ọ̀kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, èyí tó bá sì yẹ kó dúdú yóò kú pátápátá. Nínú LCD, iná kan ló ń tàn láti ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, nítorí náà dúdú rẹ̀ kì í dúdú tán. Fún ẹni tó ń ta aró, ìyàtọ̀ yìí hàn gbangba. Ojú A15 tún mú ìlà tín-ín-rín àdìrẹ ẹlẹ́kọ jáde ju ti Spark 20 àti Redmi 13C lọ, nítorí ojú kéékèèké 1080 × 2340 ni tirẹ̀, nígbà tí ti Spark 20 jẹ́ 720 × 1612, tí ti Redmi 13C sì jẹ́ 720 × 1600. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: lórí ọ̀pọ̀ fóònù Samsung tó ní AMOLED, ètò àwọ̀ méjì ló wà, Vivid àti Natural. Vivid máa ń fi kún àwọ̀, débi pé ẹni tó ya aṣọ yóò rò pé àwòrán òun ti dára tó, nígbà tí ẹni tó gbà á sórí fóònù tirẹ̀ ń rí nǹkan mìíràn. Natural ni mo yí tèmi sí lọ́jọ́ tí mo gbé e délé.

Ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú jù ni ti RAM, ìyẹn ààyè tí fóònù ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Lára páálí Spark 20, ẹ óò rí 16GB tí wọ́n kọ gàdàgbà. RAM gidi tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 8GB. 8GB yòókù, ààyè tí a ń kó àwòrán àti fídíò sí ni fóònù ń yá lò bíi RAM, ó sì lọ́ra ju RAM gidi lọ fíìfíì. Kì í ṣe Tecno nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àṣà náà ti gba ọjà kan, àwọn mìíràn a sì kọ ọ́ ní "4+4" tàbí "8+8". Ẹ máa béèrè nọ́ńbà tó ṣáájú àmì ìròpọ̀ náà, kí ẹ sì fi ìyẹn nìkan náwó. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ òdodo fún Spark 20: 8GB gidi àti ààyè 256GB ju ohun tí owó mi lè rà lára A15 lọ, nítorí 6GB àti 128GB ni èmi rí rà.

Ibi ihò síìmù ni ìpinnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Síìmù méjì ni mo ń lò, ọ̀kan fún àwọn oníbàárà, ọ̀kan fún báńkì. Spark 20 àti Redmi 13C ní àyè síìmù méjì, wọ́n sì tún ní àyè ọ̀tọ̀ fún káàdì mẹ́mórì. A15 kò rí bẹ́ẹ̀: àyè síìmù kejì náà ni àyè káàdì mẹ́mórì, ọ̀kan ni ènìyàn yóò mú. Ẹni tó ń tajà kò sọ èyí fún mi. Èmi ni mo ní kó fa àwo síìmù náà jáde kí n wò ó. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́, mo ń ronú sí fídíò tí mo ń ká nígbà tí a bá ń rẹ aṣọ, kí n tó gbà pé n óò máa kó wọn sínú kọ̀ǹpútà àbúrò mi ní òpin oṣù.

Ní ti bátìrì, 5,000 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú) ni ti àwọn mẹ́ta tuntun, n kò sì ní fa ọ̀rọ̀ gùn. A15 lè gba iná tó tó 25W (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ tó ni bátìrì ń yára kún tó), Spark 20 àti Redmi 13C gba 18W, ìyàtọ̀ yẹn sì wúlò ní àdúgbò tí iná lè dé fún wákàtí kan kó tún lọ.

Mo fẹ́ràn iPhone XR, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí mo fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 2,942 mAh nígbà tó wà ní tuntun, èyí tí wọ́n sì fi hàn mí ti wálẹ̀ sí ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ṣe é kó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30, ìyẹn sì wù mí nítorí ìkòkò aró, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún fóònù tòkunbọ̀ tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Ó kù díẹ̀ kí ọdún kan pé tí mo ra tèmi ni Apple gbé iOS 26, ètò tó ń darí iPhone, jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, XR kò sì sí lára àwọn tó rí i gbà. Láti orí iPhone 11 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni mo san owó A15. Kí n tó sanwó, mo tẹ *#06#, mo sì fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù (IMEI) oní-15 tó jáde wé èyí tó wà lára páálí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Mo ṣì ń tẹ HD, èyí tí kì í jẹ́ kí àwòrán dín kù púpọ̀, lórí WhatsApp kí n tó fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́, nítorí láìṣe bẹ́ẹ̀, ìlà ẹlẹ́kọ yóò pò mọ́ra wọn lọ́nà, fóònù yòówù kí ènìyàn lò. Ohùn A15 kò gba inú ọjà bí mo ṣe fẹ́, nítorí ẹnu kan ṣoṣo ló ti ń jáde, nígbà tí Spark 20 ní méjì. Ẹni tó ń fi fóònù gbọ́ ìwàásù tàbí orin kó ro ìyẹn wò. Bákan náà ni ẹni tó fẹ́ràn láti máa ya ara rẹ̀, nítorí kámẹ́rà iwájú Spark 20 jẹ́ mẹ́gàpíksẹ́lì 32, ti A15 sì jẹ́ 13. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti ń lò ó, oníbàárà kankan kò tíì dá aṣọ padà fún mi nítorí àwọ̀.

Samsung ṣèlérí ìmúdójúìwọ̀n ààbò, ìyẹn àtúnṣe tó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún ọdún márùn-ún lórí A15. Mo ṣírò rẹ̀ láti ìgbà tó jáde, ó bọ́ sí ìparí ọdún 2028, mo sì ti ra àpò ike kan tí mo ń gbé e sí nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ sún mọ́ ìkòkò aró.