Wíwọn vancomycin (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) nínú ẹ̀jẹ̀: ká fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àbí lẹ́ẹ̀mejì?

Ọ̀nà àtijọ́: ẹ fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí oògùn tó kàn tó wọlé, kí èsì wà láàárín 15 sí 20 mg/L. Ó rọrùn, àmọ́ kíndìnrín ló ń jìyà rẹ̀ bí a bá ń lépa 20 yẹn.

Ìlànà Amẹ́ríkà ti ọdún 2020 fara mọ́ AUC (àpapọ̀ oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ jálẹ̀ àkókò kan) fún àkóràn MRSA (kòkòrò tí ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kì í ràn) tó le: 400 sí 600 mg·h/L láàárín wákàtí 24. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ fún un: wákàtí 1 sí 2 lẹ́yìn tí oògùn bá kán tán, àti kété kí èyí tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn jù. Àmọ́ bí wọ́n bá kọ aago 8:00 sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní 8:40, ìṣirò bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fà á láti ojú ibi tí oògùn ń gbà wọlé o. Èsì á ga lórí irọ́.