Ìkìlọ̀: ẹ yí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì Camry Big Daddy wò kí ẹ tó sanwó l'Ákùúrẹ́

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì Camry Big Daddy, ti 2002 sí 2006, kó jọ̀ọ́ dúró ka èyí ná. ₦950,000 ló bá tèmi lọ. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ₦780,000, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì ₦90,000, engine seat méjì ₦36,000, ọ́ìlì lítà mẹ́rin àti filter ₦28,000, coolant ₦16,000. Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo fi lò ó!

Kì í ṣe pé mi ò mọ ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń dùn mí jù gan-an nìyẹn. Mo mọ ibi tí 2AZ-FE, ẹ́ńjìnnì oníplug mẹ́rin inú Camry yìí, ti ń ṣàìsàn. Aluminiọ́mù ni block rẹ̀, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gan-an, bóòtù mẹ́wàá ló di top cylinder tó bò ó lórí mọ́ ọn, àwọn tó wà láàárín lẹ́yìn, níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, ni thread wọn, ìlà tí bóòtù ń lọ́ mọ́ nínú ihò, máa ń bó nínú block. Bó bá ti bó, kò sí ohun tó tún máa di top mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, top á gbé díẹ̀, coolant á máa jò lẹ́yìn níbi tójú ò tó, gáàsì tó jóná nínú ẹ́ńjìnnì á máa wọnú omi. Ẹ pààrọ̀ gasket tó wà láàárín top àti block lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní gbọ́. Àìsàn tó ṣe ẹ́ńjìnnì mi àtijọ́ nìyẹn. Òun ni mo sá fún. Òun náà ni wọ́n kùn lọ́dà, tí wọ́n tà fún mi!

Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá. Wọ́n kọ ẹ̀yìn ẹ̀ sí ògiri. Iwájú ń dán, ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà tuntun. Wọ́n sítáàtì ẹ̀ nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n pa á. Ta ni ò ní gbà á gbọ́? Ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kí n ní kí wọ́n yí i padà, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tó kí thermostat, ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí omi gba ráádíétọ̀ kọjá, ṣí, nítorí omi gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 82°C. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná, tí kò sì fa ẹrù kankan, báwo ni top rẹ̀ ṣe máa gbé?

Ọ̀nà Ìdànrè, níbi tí òkè ti pọ̀, ló tú àṣírí ẹ̀. Nígbà tá a tú top, bóòtù mẹ́ta yọ wá pẹ̀lú thread aluminiọ́mù tó wé mọ́ wọn lára bíi wáyà. Gọ́ọ̀mù irin tó ti gbẹ ló wà nísàlẹ̀ ihò wọn. Gọ́ọ̀mù! Nínú ẹ́ńjìnnì ₦780,000! Mi ò ní máa bá ara mi wí mọ́, ẹni tó rọ gọ́ọ̀mù sínú ihò bóòtù mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó tà á fún mi ní testing, ìyẹn àyè láti dá a padà, ọjọ́ mẹ́ta lòun fún mi, ó ti kọjá. Ó tún ní omi lásán ni mo rọ sí i. Coolant pupa ni mo rọ, ike rẹ̀ wà nílé! Lójú mi báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá ń kun ẹ́ńjìnnì lọ́dà kó tó tà á, ó ń fi nǹkan pamọ́. Mi ò yọ ẹnì kan sílẹ̀.

Ṣé pípààrọ̀ tiẹ̀ pọn dandan? Tó bá jẹ́ àìsàn yìí nìkan, tí kò nọ́ọ̀kì, tí kò mu ọ́ìlì, rárá. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ léètì tó mọṣẹ́ lu ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tóbi sí i, kó fi insert onírin, ìyẹn thread irin tuntun, sí gbogbo wọn, kì í ṣe mẹ́ta tó bó nìkan. Kí wọ́n fá ojú top kó tẹ́jú, kí ẹ sì ra bóòtù tuntun, torí ti àtijọ́ ti fà. Ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gear náà bá ti ń já, tí body ti jẹrà, ẹ má fi ₦950,000 sí i rárá.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ síta, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbi tí top ti pàdé block. Coolant gbígbẹ tàbí gọ́ọ̀mù tuntun níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ yọ plug mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wọn compression, agbára tí ihò plug kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, bí ìyàtọ̀ láàárín wọn bá ju 15 psi lọ, ẹ má rà á. Kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí họ́ọ̀sì òkè ráádíétọ̀ ò fi ní ṣeé fọwọ́ mú. Ẹ má gba ti 2007 sí 2009 dípò rẹ̀ láìwo èéfín ẹ̀, ring tó yí piston rẹ̀ ká máa ń jẹ́ kó mu ọ́ìlì. Kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti testing ọ̀sẹ̀ méjì wà nínú rìsíìtì. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ di owó yín mú, ẹ máa lọ.